Ìbéèrè mẹ́ta tí wàá bi ẹgbẹ́ kó o tó wọ ọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù kẹfà tí físà ti ń bọ́ sí àwọn ọmọ lọ́wọ́, ìbéèrè kan wà tí àwọn tí mò ń kọ́ fún ìdánwò SAT nílé mi ní Bódìjà kì í bi mí níṣojú ìyá wọn. Wọ́n á bi mí nípa òtútù. Wọ́n á bi mí bóyá wọ́n máa jẹ́ kí àwọn gbé gààrí wọlé. Èyí tí mò ń wí yìí, ó dìgbà tí àwọn tó kù bá ti lọ. Ọ̀kan á wá sún mọ́ mi, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àwọn fratánítì tí mò ń rí lórí fóònù yẹn, ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?"

Ìdajì ìdáhùn ni mo máa ń rí sọ, torí ìyá ọmọ ti ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu géètì. Odindi rẹ̀ nìyí. Ìwọ ọmọ tó ń lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, tiyín ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni mo dé apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Mo wọ sorórítì kan, ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kó má baà dà bíi pé mò ń bá wọn polówó.

Fratánítì ni ti ọkùnrin, sorórítì ni ti obìnrin. Lẹ́tà Gíríìkì méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹ́ orúkọ. Yunifásítì mọ̀ wọ́n, wọ́n ní oríléeṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri, ẹni tó bá sì wọ ọ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Mi ò ní purọ́ fún ọ: wọ́n ní ìbúra, wọ́n sì ní ohun tí wọn kì í sọ níta. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ará ilé wa, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ìlú wa níbí lọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, ní University College Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ méje tí Wole Soyinka wà lára wọn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìgbéraga àwọn ọmọ olówó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bá jà. Àwọn tó ya kúrò lára wọn lẹ́yìn náà, àti àwọn tó wò wọ́n ṣe, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbọn àti àdá. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ yunifásítì Ifẹ̀ lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe Màámi láti sọ fún wọn pé mo fẹ́ wọ sorórítì. Ará ilé kejì wa ní Òkè-Àdó ló ní fóònù. Màá pè, wọ́n á ránṣẹ́ sí Màámi, màá tún pè padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gbági dé lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń ta léèsì. Mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ìlà ti já. Wọ́n wá ní, "Wọ́n ti ní kó o wá mulẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Rárá, Màámi."

Wọ́n ní, "Ta ló dá a sílẹ̀, kí ló sì fà á? Ta ni wọn kì í gbà? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ kó o tó wọlé?"

Mi ò mọ ìdáhùn ẹyọ kan. Wọ́n ní kí n lọ wá a kí n tó tún pè. Ogún ọdún ni Màámi ti lò nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà nígbà náà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹgbẹ́ wò. Ìbéèrè wọn yẹn náà ni mo ń gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ títí dòní.

Ta ló dá a sílẹ̀, kí ló sì fà á?

Wá ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti dá a, kó o wá lọ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ lọ́dún náà. Sigma Alpha Epsilon, fún àpẹẹrẹ: 1856, yunifásítì Alabama. Ìgbà ẹrú nìyẹn. Àwọn dúdú tó wà nínú ọgbà yunifásítì náà lọ́jọ́ yẹn, ẹrú ni wọ́n. Ìyẹn ò sọ pé ọmọ tó wọ ọ́ lónìí ń fẹ́ ẹrú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó o mọ ilé tó o fẹ́ wọ̀.

Wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ní sáà 1904 sí 1905, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú mẹ́fà ló wà ní yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e wọlé, kò sí ẹyọ kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó padà wá. Àwọn dúdú tó wà níbẹ̀ ní sáà tuntun náà rí i pé bí àwọn ò bá di ara àwọn mú, ọ̀nà ilé náà ni àwọn máa gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kàwé pọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1906, àwọn méje sọ ìjókòó yẹn di Alpha Phi Alpha. Ní Indiana, níbi tí wọ́n ti dá Kappa Alpha Psi sílẹ̀ ní 1911, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kan lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfojú kan dúdú mìíràn nínú ọgbà. Ìdánìkanwà ló bí àwọn ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ mo sunkún, torí ní ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, mo ti tọ́ ìdánìkanwà yẹn wò, ó korò.

Mẹ́sàn-án ni àwọn ẹgbẹ́ dúdú tí wọ́n ń pè ní Divine Nine. Howard, yunifásítì àwọn dúdú ní Washington, ló bí márùn-ún nínú wọn: Alpha Kappa Alpha ní 1908, Omega Psi Phi ní 1911, Delta Sigma Theta ní 1913, Phi Beta Sigma ní 1914, Zeta Phi Beta ní 1920. Sigma Gamma Rho jáde ní Indianapolis ní 1922, àwọn olùkọ́ obìnrin ló dá a sílẹ̀. Iota Phi Theta ló kéré jù, 1963. Àwọn ọmọbìnrin Delta ò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n fi jáde sí ìwọ́de ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn obìnrin ní Washington, ní oṣù kẹta 1913. Martin Luther King jẹ́ ọmọ Alpha Phi Alpha. Kamala Harris wọ Alpha Kappa Alpha ní Howard. Tí ẹnikẹ́ni nílé bá sì sọ fún ọ pé kò kan ọmọ Nàìjíríà, sọ fún un pé Nnamdi Azikiwe jẹ́ ọmọ Phi Beta Sigma, Kwame Nkrumah náà sì jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ta ni wọn kì í gbà?

Ibí ni kó o ti fara balẹ̀ jù.

Nígbà kan, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan, àwọn mìíràn á fi kún un pé Kristẹni nìkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn Júù fi dá Zeta Beta Tau tiwọn sílẹ̀ ní 1898. Ní 1948, ẹ̀ka Phi Kappa Psi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst gba ọmọ dúdú kan, Thomas Gibbs. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ lókè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ odindi ẹ̀ka náà nítorí ẹyọ ọmọ kan yẹn. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ẹgbẹ́ tàwọn dúdú náà ní tirẹ̀: Alpha Phi Alpha yọ ọ̀rọ̀ tó ní dúdú nìkan kúrò nínú òfin rẹ̀ ní 1945, Kappa Alpha Psi ò sì fìgbà kan kọ irú rẹ̀ sínú òfin. Aláwọ̀ funfun wà nínú wọn lónìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yọ nínú ìwé lè ṣì wà nínú ilé. Ní 1963, gómìnà Alabama, George Wallace, fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yunifásítì kí ọmọ dúdú méjì má baà wọlé. Wọ́n wọlé. Àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án 2013, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, The Crimson White, gbé e jáde pé àwọn sorórítì aláwọ̀ funfun ṣì ń dá àwọn ọmọbìnrin dúdú padà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn sọ̀rọ̀: àwọn fẹ́ gba ọmọ náà, àwọn àgbà tó ti jáde yunifásítì tipẹ́ ló ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ariwo sọ, yunifásítì ní kí wọ́n tún ìlẹ̀kùn ìgbaniwọlé ṣí, ọmọ dúdú mélòó kan sì wọlé.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1998, kí n tó mọ ohunkóhun, mo wọ ètò ìgbaniwọlé sorórítì àwọn aláwọ̀ funfun ní yunifásítì mi, torí pé ọ̀rẹ́ tá a jọ ń gbé yàrá ń lọ, mo bá a lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀, ilé ńláńlá tó ní òpó níwájú. Wọ́n á kọrin fún yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mú yín lọ́wọ́ wọlé, wọ́n á bi yín ní iṣẹ́ tí bàbá yín ń ṣe. Aṣọ tí télọ̀ Màámi rán ni mo wọ̀. Nílé kẹta, obìnrin dúdú kan gbé omi wá, òun ló ń se oúnjẹ wọn. Òun àti èmi nìkan ni dúdú nínú ilé yẹn. Ó wo mi, ó mi orí díẹ̀, ó padà sí kíṣìnnì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pín ìwé fún oníkálukú, tó sọ àwọn ilé tó pè é padà. Tèmi ṣófo. Ọmọbìnrin òyìnbó tí wọ́n fi ṣe atọ́nà wa sunkún jù mí lọ.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí mi láti ilé dé ilé. Nítorí náà, má fi ẹ̀rín díwọ̀n ẹgbẹ́ o. Ohun tí wàá wò nìyí.

Wo fọ́tò ọlọ́dọọdún tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ògiri, ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ka àwọn tó dà bí ìwọ. Lẹ́yìn náà, wo orúkọ àwọn aláṣẹ: ààrẹ, akọ̀wé, akápò. Bí ọmọ dúdú kan bá wà níwájú nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n gbé sórí Instagram, tí orúkọ rẹ̀ ò sì sí láàárín àwọn aláṣẹ rí, ìwọ náà ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Wá ọmọ dúdú tó ti wọ ẹ̀ka yẹn, tó tún jáde. Òun ni kó o bi léèrè, ju ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ lọ. Béèrè bóyá wọ́n ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gba èèyàn. Ọmọ Ìbàdàn ò ní ìyá àgbà tó wọ sorórítì ní Mississippi, lẹ́tà yẹn sì lè di ọ̀nà láti ti ọ́ síta láìdárúkọ àwọ̀ rẹ. Tẹ́tí sí orin wọn náà. Ní oṣù kẹta 2015, fídíò kan jáde láti inú bọ́ọ̀sì ẹ̀ka Sigma Alpha Epsilon ní yunifásítì Oklahoma, tí wọ́n ń kọrin pé dúdú ò ní wọ ẹgbẹ́ àwọn láéláé. Wọ́n ti ẹ̀ka náà pa. Ẹnì kan ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn lórin, wọn ò dá a kọ nínú bọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ níbí wà nínú sorórítì tí òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní àríwá, òun ni akápò wọn, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹ̀ka ni kó o yẹ̀ wò, má wo orúkọ ẹgbẹ́ nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan tó o gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Akátá ni. Ilé wa la ti kọ́ ọ, a sì ń sọ ọ́ bíi pé orúkọ lásán ni. Mo sọ ọ́ lórí fóònù lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ní Yorùbá, nípa ọmọbìnrin dúdú Amẹ́ríkà kan tó jókòó sítòsí. Ọmọ Nàìjíríà kan ti túmọ̀ rẹ̀ fún un tipẹ́. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ta lo rò pé ó ṣí yunifásítì yìí sílẹ̀ kí ìwọ tó rí i wọ̀?" Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn dúdú tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n tutọ́ sí i lára. Mo tọrọ àforíjì, mo sì tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí mo mọ ìtàn náà dáadáa.

Bó o bá rò pé o sàn ju àwọn dúdú ibẹ̀ lọ torí pé ilé ìwé àdáni lo lọ ní Bódìjà, má wọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n á mọ̀. Lọ síbi ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà, tó wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, tí wọn kì í búra fún. Kódà, ibẹ̀ ni mo ní kí gbogbo ọmọ mi kọ́kọ́ lọ ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọ ọ́

Ti àwọn aláwọ̀ funfun máa ń yá: ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, láti ilé dé ilé, wọ́n á sì fún ọ níwèé pé wọ́n gbà ọ́. Ìyàwó tá a fẹ́ lójú ijó, àwọn àgbà ti sọ ibi tó ń bá lọ. Má tọwọ́ bọ ìwé lálẹ́ ọjọ́ pátì.

Ti àwọn dúdú máa ń falẹ̀. Kì í sábà ṣeé wọ̀ ní sáà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n á fẹ́ rí máàkì rẹ ná, ọ̀pọ̀ sì ń béèrè ó kéré tán 2.5 nínú 4.0. Máa lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìlú: ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀. Ìwọ tí o kì í ṣe ọmọ ìlú ibẹ̀ ò lè dìbò o, má sì ṣe buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìdìbò kankan, ìyẹn lè ba físà rẹ jẹ́; gbé àga, pín omi. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́. Má máa pariwo káàkiri pé o fẹ́ wọ ẹgbẹ́ báyìí báyìí. Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Má wọ aṣọ tó ní àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn, má ju àmì ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gbà ọ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wàá wọ̀ nínú mẹ́sàn-án, kò sí pé o jáde kó o lọ wọ òmíì, nítorí náà kò sí ìkánjú. Ẹ̀ka wà fún àwọn tó ti gboyè jáde pàápàá.

Owó ńkọ́? Gba ìwé gbogbo owó tí wàá san ní àkọsílẹ̀ kó o tó dáhùn: ti ìwọlé, ti sáà kọ̀ọ̀kan, ti aṣọ, ti ilé. Físà F-1, ìyẹn ti akẹ́kọ̀ọ́, ò jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ṣírò owó ẹgbẹ́ náà sí náírà, kó o wá rántí ẹni tó ń ránṣẹ́ owó sí ọ.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ kó o tó wọlé?

Ìbéèrè kẹta Màámi ló le jù, torí ibẹ̀ ni tiwọn àti tiwa ti pàdé. Lílu ọmọ tuntun, fífi ọtí rọ ọ́ yó, jíjẹ́ kó máa sùn síta, ó ti pa ọmọ nínú ẹgbẹ́ funfun, ó ti pa nínú ẹgbẹ́ dúdú. Ní 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19, kú ní Penn State lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ọtí lámujù lálẹ́ ìgbaniwọlé Beta Theta Pi. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pọ̀ wákàtí sì kọjá kí wọ́n tó pe ìrànwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ dúdú fòfin de irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní 1990, síbẹ̀ àwọn ẹ̀ka kan ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan jáde ní oṣù Kejìlá 2024 tó ní kí àwọn yunifásítì máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi irú rẹ̀ sórí ìkànnì wọn. Wá ojú ewé yẹn ní yunifásítì rẹ kó o tó lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́.

Bí wọ́n bá ní kó o pa fóònù rẹ, kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni níbi tó ò ń lọ, má lọ. Bó o ti dé ibẹ̀ tí wọ́n gbé pátákó tí wọ́n fi ń na ọmọ tuntun tàbí ìgò ọtí jáde, dìde. Ọmọ ibẹ̀ tí yunifásítì bá lé, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ; ìwọ, físà rẹ rọ̀ mọ́ orúkọ rẹ nínú ìwé yunifásítì. Ní tèmi, orin ni wọ́n ní kí n kọ́, àti orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ìtàn. Nígbà kan, arábìnrin kan ní kí n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wákàtí kan. Mo ní ìyá mi àti àwọn àgbà ilé mi ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Yàrá náà dákẹ́. Ààrẹ wọn ní kí ó fi mí sílẹ̀.

Tó o bá ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, fi aṣọ tó ní lẹ́tà Gíríìkì sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Má wọ̀ ọ́ lọ sí Mọ́kọ́lá tàbí Agbowó, má ju àmì ọwọ́ nínú fọ́tò níbi ayẹyẹ. Ọlọ́pàá tó bá dá ọ dúró ò mọ Howard, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àdúgbò tó ní àwọ̀ aṣọ tiwọn ò sì ní dúró gbọ́ àlàyé.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ má pariwo nígbà tó bá pè. Tí ẹ bá pariwo, kò ní sọ èyí tó kù. Ẹ bi í ní ìbéèrè Màámi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti wá ìdáhùn, bí wọ́n ṣe fún mi. Kó tó wọ bàálù, kí òun fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà ọ́fíìsì Dean of Students, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní yunifásítì rẹ̀, àti ti ọlọ́pàá inú ọgbà, kó kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín. Ẹ kọ wákàtí ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ní New York, wákàtí márùn-ún ni Ìbàdàn fi ṣíwájú ní àkókò ooru, mẹ́fà ní àkókò òtútù. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá ní ètò ìgbaniwọlé parí lónìí, ẹ má sùn kó tó pè.